Èsì: Ọjọ́ orí ilé Fairbanks àti ọ̀rọ̀ ìṣó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé láti nǹkan bí 1641 ni ilé Fairbanks, ilé onígi àtijọ́ kan, ti wà ní Dedham, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Igi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Wọ́n lu ihò tín-ín-rín sínú àwọn igi ilé náà, wọ́n wo ìlà yípoyípo tí igi máa ń ní lọ́dọọdún. Èyí tó kángun sí èèpo ló ń fi ọdún tí wọ́n gé e hàn.

Ẹ tún bèèrè bóyá ìṣó ló di ilé náà mú. Férémù ilé náà, ìyẹn egungun igi tó gbé e ró, kò gbára lé ìṣó. Igi óákù ni. Wọ́n gbẹ́ orí ọ̀kan di pẹlẹbẹ, wọ́n tì í bọ ihò ara èkejì, wọ́n wá gbá èèkàn igi wọ inú rẹ̀ kó má baà yọ. Káfíńtà gidi! Àwọn yàrá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un. Ìdílé Fairbanks ló gbé ibẹ̀ títí di 1904.