Kí ló gbé owó kọfí Starbucks ró?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò ni mí. Olùkọ́ wa ní kí a ṣàlàyé bí ilé-iṣẹ́ kọfí tó ní ẹ̀ka púpọ̀ ṣe ń lo marketing mix, ìyẹn àpapọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ta ọjà, mo sì yan Starbucks. Mo mọ ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n máa ń kà: ọjà, iye owó, ibi ìtajà àti ìpolówó. Ohun tí kò yé mi ni bí wọ́n ṣe lè gbé owó gọbọi lé kọfí, tí àwọn oníbàárà kò sì sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Ìdáhùn: Láti ọdún 1960 tí E. Jerome McCarthy, olùkọ́ ìmọ̀ ìtajà ní Amẹ́ríkà, ti to ọgbọ́n ìtajà sí ọ̀nà mẹ́rin yìí ni àwọn olùkọ́ ti ń kà á bẹ́ẹ̀. Ìtò náà wúlò, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Ní ti Starbucks, ibi ìtajà ló gbé iye owó ró.

Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1971, èso kọfí yíyan ni wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ lọ pò ó nílé. Howard Schultz, tó di òṣìṣẹ́ wọn lọ́dún 1982, lọ sí Milan, ní Ítálì, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì rí bí àwọn ará ìlú ṣe ń pàdé ní ilé kọfí. Ó fẹ́ kí Starbucks náà dà bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba èrò náà wọlé, nítorí náà ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, kó tó padà wá ra Starbucks lọ́dún 1987. Láti ìgbà náà ni àga, orin, òórùn kọfí àti àyè láti jókòó pẹ́ ti di ara ohun tí oníbàárà ń sanwó fún: ibi kẹta, lẹ́yìn ilé àti ibi iṣẹ́.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń to iye owó. Ife Tall, tó gba nǹkan bíi mílílítà 355, ló sábà máa ń kéré jù lójú pátákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Short, tó kéré sí i, wà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n béèrè. Wàrà àti kọfí tí wọ́n ń fi kún ife ńlá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ tí wọn yóò san bó ti wù kó rí, nítorí náà èyí tó pọ̀ nínú àfikún owó tí ẹni tó ra ife ńlá ń san ń di èrè.

Ní ti ìpolówó, ife tí oníbàárà gbé jáde sí títì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Pumpkin Spice Latte, kọfí oníwàrà tí wọ́n fi èròjà olóòórùn dídùn sí, tó jáde lọ́dún 2003, kì í sí lọ́jà ju ìgbà kan lọ́dún, ìyẹn sì ń mú kí àwọn ènìyàn máa retí rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́, tí àwọn onímọ̀ ìtajà méjì, Booms àti Bitner, fi kún ìtò náà lọ́dún 1981. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2008, Starbucks ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà rẹ̀ bíi 7,100 ní Amẹ́ríkà fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n lè tún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí a ṣe ń po espresso, kọfí líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun mímu wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ti 61 pa nínú ilé ìtajà 84 tí wọ́n ní ní Ọsirélíà. Àwọn ará Ítálì àti Gíríìsì tó ṣí lọ síbẹ̀ ti mú kí ilé kọfí gidi wọ́pọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, nítorí náà ibi kẹta kì í ṣe ohun tuntun, owó tí wọ́n gbé lé e kò sì rí ohun dúró lé.

Nísinsìnyí, wọ́n ti jẹ́ kí oníbàárà máa fi fóònù ra kọfí sílẹ̀ kó tó dé. Èyí ń dín títò lórí ìlà kù, àmọ́ ẹni tó gba ife tó sì bá tirẹ̀ lọ kò jókòó lórí àga kankan, síbẹ̀ ó ń san owó àga. Ibi tí ọ̀nà ìtajà ti ń ta ko iye owó nìyí, òun sì ni èmi ì bá fi ṣe àárín gbùngbùn iṣẹ́ náà bó bá jẹ́ tèmi.