Èsì: Fọ́tò yíyà ní Tromsø lóṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ní ṣé ìmọ́lẹ̀ tó ṣe é ya fọ́tò á wà ní Tromsø, ní Nọ́wè, nígbà tí oòrùn kì í yọ. Á wà. Lóòótọ́, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọjú níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, ojú ọ̀run á pọ́n díẹ̀ lápá gúúsù, yìnyín ilẹ̀ á sì dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró fẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wà létí omi, kí ẹ kọjú sí Ishavskatedralen, ṣọ́ọ̀ṣì funfun ọdún 1965 tó wà lódìkejì afárá.

Yìnyín máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á yà á bí eérú; ẹ yí ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà náà (“exposure compensation”) sí +1, kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀ sí i. Bátìrì kejì, inú ẹ̀wù yín ni kó wà, torí òtútù ń jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rá di kámẹ́rà pinpin kí ẹ tó wọlé. Èmi ò ṣe é nígbà àkọ́kọ́ (ìwàǹwára ni!), ni ooru yàrá bá mú kí omi bo lẹ́ńsì mi tó ti tutù.