Ìdánwò sosiọ́lọ́jì tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Àbúrò, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, functionalism, conflict theory àti symbolic interactionism, ìlànà mẹ́ta tí sosiọ́lọ́jì fi ń wo àwùjọ, ti dàrú mọ́ ọ lójú, o wá ń béèrè bóyá kí o há nóòtì náà sórí. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Mo há a sórí bí ẹni há Àdúrà Olúwa, mo dà á sínú ìwé ìdánwò, F ni wọ́n gbé fún mi. Lọ́dún kejì mo tún un ṣe, F náà ni. Olùkọ́ wa kì í ṣàlàyé. Á máa ka nóòtì, àwa á máa dà á kọ, ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀, á ní kó lọ ra handout. Ṣùgbọ́n mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Mo mọ̀ pé ọdún 1858 ni wọ́n bí Durkheim, ọ̀kan lára àwọn tí functionalism ti ọ̀dọ̀ wọn wá, mi ò mọ ohun tó ń wá kiri.

Alásè ni ìyá mi. Mo máa ń tẹ̀lé wọn lọ sóde ìnáwó ní Sátidé. Níbi òkú bàbá arúgbó kan n'Íjẹ̀bú-Òde lojú mi ti là. Lẹ́yìn kánópì, níbi tí a to ìkòkò sí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa gbé oúnjẹ ń kùn: "Àwọn aláǹkóò aláwọ̀ ewé yìí, ṣé wọn kì í jẹun nílé ni?" Ó pòṣé, ó gbé tíréè, ó tẹ ẹsẹ̀ kan sábẹ́ kánópì, ojú rẹ̀ yí padà wẹ́rẹ́. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìnáwó o, mọ́mì. Ẹ̀yìn bàbá á dára." Èmi dúró gbagidi, ìgbakọ lọ́wọ́.

Ohun tí Goffman, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì kan, rí gan-an nìyẹn! Láàrin 1949 sí 1951, ó gbé ní erékùṣù Shetland, lókè Scotland, ó sì fojú sí ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Bọ́tà tí àlejò ti lò kù, wọ́n á tún un yí, á dà bí tuntun, á padà sórí tábìlì. (Mi ò ní sọ ohun tí àwa náà ń fi ẹran tó ṣẹ́kù ṣe.) Iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Abẹ́ symbolic interactionism, ìlànà tó ń wo bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ àti ìṣesí bá ara wọn lò, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kó o sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ̀ mìíràn, Blumer, ló sọ ìlànà náà lórúkọ ní 1937, lórí ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Mead, ní Chicago. Àwọn nóòtì akẹ́kọ̀ọ́ Mead ni wọ́n kó jọ di ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nóòtì tèmi kò di nǹkan kan.

Òde kan náà ni, ìbéèrè ló yàtọ̀. Ní ti functionalism, Durkheim á béèrè pé kí ló so àwọn ẹbí yìí pọ̀, àwọn tó ń bára wọn jà lórí ilẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n wá wọ aṣọ kan náà lọ́jọ́ Sátidé. Merton, tó tẹ̀lé ìlànà kan náà, á fi kún un ní 1949 pé iṣẹ́ kan tí àṣà ń ṣe láwùjọ hàn síta, òmíràn fara pamọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ijó òjò àwọn Hopi ní Amẹ́ríkà: bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀, wọ́n ti tún ara wọn mọ̀ bí ẹ̀yà kan. Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ kò sọ ìdí tó fi jẹ́ pé aláǹkóò la kọ́kọ́ ń bù fún, tí ẹni tí kò lówó aṣọ á jókòó sẹ́yìn tí ìrẹsì á fi tán.

Ibẹ̀ ni Marx, tí conflict theory ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ti wọlé, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ "olówó ń ni tálákà lára", wọ́n á fi síbẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni pé: ta ló ni irinṣẹ́? Ìyá mi ló ni ìkòkò, kúlà àti sítóòfù. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ọwọ́ wọn nìkan ni wọ́n ní. Ọjọ́ tí èyí yé mi, mi ò lè wojú ìyá mi dáadáa. Ìyá mi gan-an ni Marx ń bá wí!

Má sì fo Akiwowo, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ọmọ Yorùbá. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní 1980, ó fi àjọbí àti àjọgbé ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 1986 ó ti inú ẹsẹ Ifá fa àṣùwàdà yọ, pé kò sí ẹ̀dá tó lè dá wà. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a jiyàn le. Tí o bá fẹ́ lò ó, lò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n jiyàn lé lórí, má fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, òde Ìjẹ̀bú-Òde yẹn ni mo kọ sí ìbéèrè kejì. B ni mo gbà. O sọ pé bàbá rẹ ń wa dánfó. Lọ jókòó ní gáréèjì fún wákàtí kan lọ́la, mú bírò dání. Ta ló ni ọkọ̀, èló ni bàbá rẹ ń san fún un lójúmọ́, báwo ni ohùn kọ̀ńdọ́ ṣe ń yí padà tí ọlọ́pàá bá yọ?