Ṣé lóòótọ́ ni Rottweiler máa ń ṣàdédé yíjú padà sí ẹni tó ni ín?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi fẹ́ ra ọmọ Rottweiler kan tó máa ṣọ́lé fún wa, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí torí a ní ọmọ ọdún 4. Àwọn kan ní ajá yẹn máa ń ṣàdédé yíjú padà sí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ní ẹran tútù ló ń sọ ọ́ di ìkà. Ẹlòmíì tún ní tá ò bá fẹ́ kó rọ̀ jù, ká tì í mọ́lé láti kékeré, ká má jẹ́ kó mọ ẹnikẹ́ni. Èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, màmá. Ẹ̀rù tó ń bà yín ò burú rárá, ajá tó máa ju 40 kílò lọ tó bá dàgbà, èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa kó tó mú un wọlé. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún yín yẹn, èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn ló léwu jù, òun gan-an ló sì ń fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìtàn burúkú tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́.

Ìlú Rottweil ní Jámánì ni orúkọ ajá yìí ti wá, àwọn alápatà ló sì ń lò ó níbẹ̀, ó máa ń da màlúù, ó máa ń fa kẹ̀kẹ́ ẹran lọ sọ́jà. Ẹ rò ó wò ná, ajá tórí ẹ̀ gbóná, tó ń fò mọ́ gbogbo nǹkan tó bá rí, màlúù á tú ká mọ́ ọn lọ́wọ́, ta ló sì fẹ́ mú irú ẹ̀ wọ àárín èrò lọ́jà? Èyí tó ní sùúrù tó sì ń gbọ́ràn ni wọ́n ń mú bímọ. Nígbà tí rélùwéè gba iṣẹ́ kíkó màlúù lọ́wọ́ ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀yà yẹn pa run, kó tó di pé wọ́n gbà á síṣẹ́ ọlọ́pàá ní Jámánì lọ́dún 1910. Kódà ìwé tí FCI, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ajá, fi ń ṣàpèjúwe ẹ̀ títí dòní sọ pé onínúure ni, ara ẹ̀ balẹ̀, ó fẹ́ràn ọmọdé.

Tẹ́ ẹ bá bá èyí tí wọ́n tọ́ dáadáa gbé, ẹ máa rí i pé kì í sábà gbó lásán. Àlejò wọlé, á dìde, á wá dúró sáàárín ẹ̀yin àti ẹni yẹn, á máa wo ojú yín, tẹ́ ẹ bá ti bá àlejò yẹn rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ ní kó jókòó, ara òun náà á wálẹ̀. Ó sì fẹ́ràn kó máa fara ti èèyàn, ẹ ṣáà ti dúró, á wá gbé gbogbo ara tì yín lẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá sún á tún sún tẹ̀ lé yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í mọ̀ jù ni ohùn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kùn nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ pa á lára, ẹni tí ò mọ̀ á fò sẹ́yìn. Ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ohùn nìkan: tára ẹ̀ bá rọ̀, tójú ẹ̀ dì díẹ̀, tẹ́nu ẹ̀ là sílẹ̀, adùn ló ń gbádùn yẹn. Àmọ́ tára ẹ̀ bá le gbandi, tó pa ẹnu dé, tó dúró sójú kan tí funfun ojú ẹ̀ sì ń hàn, ìkìlọ̀ nìyẹn, ẹ fún un láyè kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe nà án nítorí pé ó kùn o! Ajá tí wọ́n bá ń nà torí ìkìlọ̀, kò ní kìlọ̀ mọ́, ọjọ́ tó bá sú u eyín ló máa kọ́kọ́ yọ, wọ́n á wá ní ó ṣàdédé yí padà, bẹ́ẹ̀ ó ti ń sọ ọ́ fún wọn tipẹ́.

Ìrora náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan wá sọ́dọ̀ mi rí, wọ́n ní ó ti ń fẹ́ gé ọmọ ilé jẹ, mo kàn rọra tẹ ìbàdí ẹ̀ báyìí ló yíjú wìì, nígbà tá a ṣe ẹ́síréè, eegun itan ẹ̀ ò jókòó dáadáa sínú ihò ẹ̀. Ọmọ yẹn ló máa ń gun ẹ̀yìn ẹ̀. Àìsàn ìbàdí yìí wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yà yìí, torí náà tí ìwà ajá bá yí padà lójijì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kẹ́ ẹ tó pè é ní ìkà.

Ti ẹran tútù, kò sóòótọ́ ńbẹ̀ rárá. Kòkòrò àìsàn tó wà nínú ẹran tí wọn ò sè ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, torí ó lè ti inú abọ́ ajá dé ọwọ́ ọmọ yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ tì í mọ́lé. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí ọmọ ajá, ohun tó bá bá pàdé tí nǹkan kan ò ṣe é, ó ti gbà pé kò léwu nìyẹn. Ọmọdé tó ń sáré, bàbá tó ń tẹ̀pá, ẹni tó ṣí agbòjò, ẹni tó dé akoto ọ̀kadà, ariwo mọ́tò, gbogbo ẹ̀ ló yẹ kó rí ní ìrọ̀rùn, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ò bá sì tíì pé, ẹ gbé e mọ́ra kẹ́ ẹ jọ jáde, kó má ṣáà fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbi táwọn ajá míì ń yàgbẹ́ sí. Èyí tí wọ́n tì mọ́lé tàbí tí wọ́n so mọ́ ṣéènì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò mọ olè yàtọ̀ sí àbúrò yín tó wá kí yín, ẹ̀rù gbogbo èèyàn ló ń bà á, ajá tẹ́rù ń bà kì í sì í ṣọ́lé, ara ẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ìwádìí kan tiẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2022, wọ́n yẹ ìwà ajá tó lé ní 18,000 wò, wọ́n rí i pé ẹ̀yà tí ajá jẹ́ ò kó ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ lára ohun tó mú ìwà wọn yàtọ̀ síra. Síbẹ̀ mi ò ní tàn yín, tí ajá kékeré bá géni jẹ, egbò lásán ló sábà máa ń jẹ́, ti Rottweiler lè dé eegun. Torí náà, ẹ má fi ọmọ yín sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú ẹ̀ láé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, kó má sún mọ́ ọn tó bá ń jẹun tàbí tó ń sùn, kó má sì gùn ún. Fífara tini tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan tó láti gbé ọmọ ọdún 4 ṣubú.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, abo ni kẹ́ ẹ mú, ó sábà máa ń fúyẹ́ ju akọ lọ, ẹ má sì gbà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìyá ẹ̀ lójúkojú, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ẹ́síréè ìbàdí fún bàbá àti ìyá. Tí ìyá yẹn ò bá ṣeé sún mọ́, tàbí tẹ́ni tó ń tà á ní ìyá ò sí nílé, ẹ má rà á níbẹ̀ o.