Ìpéǹpéjú mi ń gbọ̀n: ṣé ẹkún ló ń bọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ọmọ ọdún 43 ni mí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ìpéǹpéjú mi ti ìsàlẹ̀, lápá òsì, ti ń ṣàdédé gbọ̀n. Kò dùn mí o, ṣùgbọ́n ó ń dà mí láàmú, pàápàá lálẹ́ tí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi ní tó bá jẹ́ ti òkè ló ń gbọ̀n, àlejò ni, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀, ẹkún ni. Àbúrò mi ní rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́, kí ni kí n sì lò sí i?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ bá mi kí Màmá, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni èyí tó máa ń gbọ̀n jù lára àwa èèyàn. Bó bá jẹ́ ẹkún ló ń mú wá, ìdajì ìlú ì bá máa sunkún. Ti àbúrò yín náà kọ́. Rọpárọsẹ̀ máa ń sọ ara di aláìlágbára ni: ẹnu á wọ́, apá á rọ, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu. Tiyín kò rọ, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an ló ń ṣe.

Iṣan pẹlẹbẹ kan ló yí ojú po, bí okùn ṣe yí ìbàdí ṣòkòtò ká. Òun ló ń pa ojú dé tí a bá ṣẹ́jú. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tàbí tí nǹkan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣáá, díẹ̀ nínú àwọn fọ́nrán rẹ̀ á máa fò fúnra wọn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe yín bíi pé ìrẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró síwájú dígí kí ẹ wò ó: agbára káká lẹ ó fi rí i. Oníbàárà yín kò tilẹ̀ mọ̀.

Kí ló wá ń yọ ọ́ lẹ́nu? Aago mélòó lẹ ń sùn látìgbà tí aṣọ ẹbí yìí ti dé? Kí lẹ sì fi ń lé oorun? Kọfí, ẹlẹ́rìndòdò dúdú, àwọn agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, àti obì pàápàá, kaféènì wà nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì ń kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ẹ mu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì ń bá yín jà ní aago méjì òru.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù rèé: ibo ni fáànù yín kọjú sí? Ẹni tó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Tí atẹ́gùn bá tún ń fẹ́ sí i lójú, omi ojú á gbẹ, ìpéǹpéjú ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀yìn yín lálẹ́ òní.

Ẹ dín kaféènì kù díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀fọ́rí lè dé tí ẹ bá já a lójijì, kí ẹ má sì mu ún mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa sùn tó wákàtí méje, kódà bí ẹ bá ní láti pín iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo 20 ìṣẹ́jú, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún 20 ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ ki aṣọ tó mọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi kan ọrùn ọwọ́ yín wò kó má baà jó yín, ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ojú tó wà ní dídé fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ má tẹ ẹyinjú o.

Tí ojú bá gbẹ, omijé àtọwọ́dá wà ní ilé oògùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ ta oògùn ojú tó ní steroid (èròjà tó ń dín pípọ́n àti wíwú kù) fún yín ní kẹ́míìsì, ẹ dá a padà. Ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, kó sì fa glaucoma, tó ń jí ìríran gbé láìpariwo. Omi ọmú àti omi ṣúgà kì í ṣe oògùn ojú rárá.

Èyí tí mò ń sọ yìí sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ojú bá ń pa dé pátápátá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń bá a gbọ̀n, tí ìpéǹpéjú bá ń já wálẹ̀, tàbí tí ojú pọ́n tó ń ṣe ipin, ẹ wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan wà tí ojú wọn méjèèjì ń pa dé láìfẹ́. A máa ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ Botox, oògùn tó ń mú kí iṣan dẹ̀. Fún irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1989, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún hunjọ àárín ojú méjèèjì ní 2002. Ẹnu tó bá ṣàdédé wọ́ ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ó ku ẹyọ kan. Ní ọdún 43, ṣé ẹ kì í na ọwọ́ jìnnà kí ẹ tó lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́? Ó lè jẹ́ pé awò ìríran ìtòsí ló yẹ yín, ẹ má sì ra ti etí títì kí wọ́n tó yẹ ojú yín wò. Tí ẹ bá ń bọ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ mú abẹ́rẹ́ àti okùn dání, kí a fi wọn awò náà síbi tí ọwọ́ yín máa ń wà nígbà tí ẹ bá ń rán aṣọ.