Kọ́ nọ́ńbà àti orúkọ ara rẹ kí o tó kọ́ ìkíni

Àbúrò, o ní Gwarinpa lo wà, físà oṣù mẹ́sàn-án ti jáde, o ń lọ yọ̀ǹda ara rẹ fún iṣẹ́ àwọn ọmọdé ní Granada, ní ilẹ̀ Sípéènì, o sì ń béèrè irú èdè Sípéènì tó yẹ kí o mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Áàpù orí fóònù tí o fi ń kọ́ ọ kò burú, àmọ́ gbólóhùn bíi "ológbò ń mu mílíìkì" ló ń kọ́ ẹ, ológbò kọ́ ló sì máa dúró dè ẹ́ níbẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ni gbogbo ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì máa bi ẹ́. Rántí bí a ṣe gbọ́ Hausa ní ọjà Wuse: "Nawa ne?" ló kọ́kọ́ dé etí, gírámà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kọ́ nọ́ńbà láti 0 dé 100 títí o fi lè gbọ́ ọ bí wọ́n bá sáré pè é. "Sesenta y siete" ni 67, "setenta y seis" ni 76. Ibẹ̀ ni etí ti máa ń daṣẹ́ sílẹ̀. NIE rẹ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àjèjì, wà lára físà yẹn: lẹ́tà kan, nọ́ńbà méje, lẹ́tà kan sí i. Há a sórí lédè wọn. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà pẹ̀lú, nítorí orúkọ wa kún fún W àti Y: W ni "uve doble", Y ni "i griega", J ni "jota", H ni "hache". Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dàrú, sọ pé "¿Me lo puede escribir, por favor?", kí wọ́n bá ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ yẹn gan-an ló ń fa ẹkún. Ará Sípéènì ní orúkọ ìdílé méjì, ti bàbá àti ti ìyá, nítorí náà fọ́ọ̀mù wọn ní àyè fún "primer apellido" (orúkọ ìdílé àkọ́kọ́), "segundo apellido" (ìkejì) àti "nombre" (orúkọ tìrẹ). Pásípọ́ọ̀tù tiwa kò mọ ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Lagbaja ni orúkọ ìdílé rẹ, tí Tamedu Oluwaseun sì tẹ̀ lé e, akọ̀wé tí kò fara balẹ̀ á fa Tamedu lọ sí àyè apellido kejì. Ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ìwé ìlú á máa pè ẹ́ ní nǹkan kan, káàdì á máa pè ẹ́ ní òmíràn, báńkì á wò ẹ́ bí gbájúẹ̀. Fi àyè kejì sílẹ̀ lófo, kí o sọ pé "Solo tengo un apellido", orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni mo ní. Kí o tó kúrò ní fèrèsé, ka ìwé náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ogún tilẹ̀ ń to lẹ́yìn rẹ. Bí akọ̀wé bá fajú ro, kó máa fà á ro. Ẹni tó kọ àṣìṣe kọ́ ló máa padà wá to ìlà láti tún un ṣe.

Àwọn ejẹ́ǹtì wa ní Abuja máa ń sọ pé bí físà bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Irọ́ ni. Nígbà tí o máa lò ju oṣù mẹ́fà lọ, oṣù kan péré lo ní lẹ́yìn tí o bá wọlé láti tọrọ káàdì TIE, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ àjèjì. Kí o tó dé ibẹ̀, o ní láti forúkọ sílẹ̀ ní ayuntamiento, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, pé ìlú náà lo ń gbé. Ìyẹn ni empadronamiento. Pásípọ́ọ̀tù àti ìwé àdéhùn ilé ni wọ́n ń béèrè. Ìwọ kò ní ìwé àdéhùn, nítorí ẹgbẹ́ tó pè ẹ́ ló fún ẹ ní yàrá, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ "autorización", ìwé ìyọ̀ǹda, fún ẹ, pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ onílé. Kọ̀wé sí wọn láti Gwarinpa nísinsìnyí. Béèrè irú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn tí wọ́n máa gbà fún TIE, volante (ìwé ìsọfúnni lásán) tàbí certificado (ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fọwọ́ sí), nítorí akọ̀wé òwúrọ̀ lè sọ ọ̀kan kí ti ọ̀sán sọ èkejì, tí àwọn méjèèjì á sì máa wò ẹ́ bí ẹni pé ìwọ lo dá a sílẹ̀.

Fún TIE: fọ́ọ̀mù EX-17, owó káàdì tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń jẹ́ Modelo 790 código 012, tí o máa san ní báńkì, fọ́tò kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, pásípọ́ọ̀tù àti ẹ̀dà gbogbo ojú ewé tó ní nǹkan. Ìyẹn rọrùn. Cita previa, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún ẹ, ni ogun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í pẹ́ tán. Bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́jọ́ kejì tí o bá dé. Bí ojú ewé bá sọ pé kò sí àyè, ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú déètì, lójoojúmọ́. Má ra cita lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Má sì sọ bọ́dìn páàsì nù: bí o bá gba Frankfurt kọjá, kò ní sí òǹtẹ̀ Sípéènì nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ, wọ́n sì lè béèrè ẹ̀rí ọjọ́ tí o wọ Sípéènì gan-an. Bí káàdì kò bá tíì jáde, má jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn láìgba "autorización de regreso", ìwé àṣẹ láti padà wọlé.

Ẹ̀hẹ́n, èdè lo béèrè. Ní Granada wọn kì í pe "s" ìparí dáadáa: "dos más" á di "do má". Wọ́n tún máa ń gbé "d" àárín mì: "cansado" á di "cansao". Etí rẹ kò dí. Fáwẹ̀lì wọn márùn-ún rọrùn fún wa, b àti v jẹ́ ohùn kan náà, ṣùgbọ́n p wọn kì í ṣe p tiwa. Má pe "papá" bí ẹni ń pe pápá Yorùbá. Àmì tó wà lórí fáwẹ̀lì kì í ṣe àmì ohùn, ibi tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń tọ́ka sí: "hablo" ni mò ń sọ̀rọ̀, "habló" ni ó sọ̀rọ̀. Má yọ àmì orí ñ: "años" ni ọdún, "anos" jẹ́ ihò ìdí. "Embarazada" kì í ṣe ẹni tójú ń tì, aboyún ni. "Usted" ni ẹ̀yin wa, lò ó ní fèrèsé àti fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà á pè ẹ́ ní "tú", ìyẹn "ìwọ", á tún pè ẹ́ lórúkọ. Má bínú sí i.

Àti pé nítorí ọmọdé lo máa bá ṣiṣẹ́, òfin wọn ń béèrè "Certificado de Delitos de Naturaleza Sexual", ìwé ẹ̀rí pé o kò ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n tún lè béèrè ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà tí o fi gba físà, torí náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àti ti ìtumọ̀ rẹ̀ kí o tó gbéra.