Gita Kò Ní Kí O Purọ́ fún Bàbá Rẹ

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa:

"Màmá, ẹ káàsán o. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan ní Pune, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ilẹ̀ tí bàbá mi ní ní Ìkòròdú ni wọ́n tà kí n tó lè wá síbí. Ní sáà tó kọjá, iṣẹ́ (kọ́ọ̀sì) méjì ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀, àmọ́ mo sọ fún wọn pé mo yege pátá. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti fẹ́ wo èsì ìdánwò lórí fóònù, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, ẹnu mi á gbẹ táútáú. Oorun ò kùn mí mọ́ lóru, ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń jẹun lóòjọ́. Ọmọkùnrin Híńdù tí a jọ ń gbé yàrá wá fi ẹsẹ kan hàn mí nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, pé iṣẹ́ ló kàn mí, èso rẹ̀ ò kàn mí. Ó tù mí nínú gan-an. Mo ti ń rò ó pé bóyá kò tiẹ̀ yẹ kí n dààmú bàbá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èsì yẹn rárá. Ẹnì kan tún wà tó ní òun á bá mi wá ìbéèrè ìdánwò tó ń bọ̀ bí mo bá lè sanwó. Èyí tó wá dá kún un ni pé màmá mi rí Gita lórí tábìlì mi nígbà tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ni wọ́n bá bú sẹ́kún pé wọ́n ti mú mi wọ awo. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá? Kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lákàtúnkà, àánú rẹ sì ṣe mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ màmá rẹ kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù.

O ò dẹ́ṣẹ̀. Ìwé lo kà, o ò wọ awo. Ṣùgbọ́n má bínú sí màmá rẹ o. Ọ̀pọ̀ ìyá tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, sinimá Íńdíà àti ìròyìn òrùka oògùn nìkan ni wọ́n fi mọ ilẹ̀ yẹn, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun kì í fojú méjèèjì sùn. Ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí Krishna, tí àwọn Híńdù gbà pé Ọlọ́run ni, àti jagunjagun kan tó ń jẹ́ Arjuna jọ sọ lójú ogun ni Gita, orí 18, ẹsẹ 700, nínú ìtàn gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Mahabharata. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn tí Krishna ti kọ́ Arjuna lẹ́kọ̀ọ́ tán, ohun tó sọ fún un ní orí ìkẹyìn ni pé kó ro gbogbo rẹ̀ wò dáadáa, kó wá ṣe bó bá ṣe wù ú. Kò fipá mú un. Gandhi náà, aṣáájú tó jà fún òmìnira Íńdíà, ọmọ iléèwé lókè òkun ni nígbà tó kọ́kọ́ ka Gita. Ìmọ̀ òfin ló lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà yẹn gan-an ló ka Ìwàásù Orí Òkè nínú Bíbélì, ó sì ní ó wọ òun lọ́kàn gidigidi. Síbẹ̀ Híńdù ló kú sí. Bí òun ṣe ka Bíbélì láìyẹsẹ̀ nínú ẹ̀sìn rẹ̀, ìwọ náà lè ka Gita kí o sì jí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ fi hàn ọ́ ló ká mi lára. Ẹsẹ 47 ni, ní orí kejì, ó sì dùn mọ́ mi pé ó rí nǹkan gidi fún ọ. Àmọ́ o ò kà á dópin. Ohun tí gbogbo rẹ̀ sọ rèé: iṣẹ́ ṣíṣe ni o lẹ́tọ̀ọ́ sí, o ò lẹ́tọ̀ọ́ sí èso rẹ̀ láéláé, má jẹ́ kí èso iṣẹ́ di ohun tí o tìtorí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, má sì fẹ́ràn àìṣiṣẹ́. Ṣé o rí gbólóhùn ìparí yẹn? Òun lo fò. Krishna ti mọ̀ pé bí èèyàn bá gbọ́ pé èso kì í ṣe tòun, ó lè ká ọwọ́ gbera, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó lóun ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ti dí ojú ihò yẹn pa kí ìwọ tó dé.

Wò ó, ọmọ mi, kí ló dé tí o fi purọ́ fún bàbá rẹ? Ṣebí nítorí pé èsì ìdánwò náà ló gba gbogbo ọkàn rẹ ni. O dì í mú débi pé nígbà tí kò wá bí o ṣe fẹ́, o fi ẹnu ara rẹ ṣẹ̀dá òmíràn. Ẹni tó bá ti jọ̀wọ́ èso lóòótọ́, kò sí ohun tó ń bò. Ó lè dúró níwájú bàbá rẹ̀ kó ní, "Mo ṣe é, kò bọ́ sí i." Ẹsẹ tí o fẹ́ fi bo irọ́ yẹn mọ́lẹ̀ gan-an ló ń já a.

Padà sí orí kìíní, kí o fara balẹ̀ kà á. Kurukshetra ni wọ́n wà, ìpínlẹ̀ Haryana ni ibẹ̀ wà lónìí. Ẹgbẹ́ ogun méjì ti dojú kọra. Arjuna ní kí Krishna, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀, wa òun lọ sí agbedeméjì. Ó wo iwájú, ó rí olùkọ́ rẹ̀, ó rí bàbá àgbà rẹ̀, ó rí ìbátan lọ́tùn-ún lósì. Ara rẹ̀ rọ. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó ń gbọ̀n, irun ara rẹ̀ dìde, awọ ara rẹ̀ ń ta á bí iná, ọrun Gandiva tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọni ni o, kò sí tafàtafà tó dà bíi rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Ó jókòó sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó ní òun ò jà mọ́.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ẹnu tó ń gbẹ, ohun tí o kọ sí mi nìyẹn láìfi kan pè méjì. Kò burú pé ẹ̀rù bà ọ́. Ibi tí ìwọ àti Arjuna ti pínyà ni pé òun kò díbọ́n. Ó sọ fún Krishna lójúkojú pé ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú mọ́ òun lójú, òun ò mọ èyí tó tọ́ mọ́, kó kọ́ òun. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ Gita ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti sọ pé kò síṣòro, Krishna ì bá wa kẹ̀kẹ́ lọ ni. (Bí ogun inú ìwé náà bá ń kọ ọ́ lóminú, mọ̀ pé Gandhi, tó kórìíra ìwà ipá, gbà pé ogun tó ń lọ nínú ọkàn ẹ̀dá ni ìwé náà ń sọ.)

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ kí o bi ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ìtàn Nachiketa nínú Katha Upanishad, ọ̀kan lára àwọn ìwé mímọ́ Híńdù tí wọ́n ń pè ní Upanishad. Ọmọdé ni Nachiketa. Bàbá rẹ̀ ń rúbọ, ó ń fi màlúù tọrẹ, àmọ́ àwọn màlúù tó ti gbó ni, tí wọ́n ti mu omi wọn tán, tí wọ́n ti jẹ koríko wọn tán, tí ọmú wọn ti gbẹ. Ọmọ náà rí i pé bàbá òun ń ṣe àṣehàn. Ó bi í pé, "Èmi ńkọ́, ta ni ẹ máa fi mí fún?" Ó bi í lẹ́ẹ̀kan, ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta bàbá fi ìbínú dáhùn pé Ikú lòun fi í fún. Ọmọ náà gbéra, ó di ilé Yama, ọba ikú. Kò bá a nílé. Ó dúró fún òru mẹ́ta láìjẹun. Nígbà tí Yama dé, ojú tì í pé àlejò sùn lébi nílé òun, ó wá ní kó béèrè ohun mẹ́ta.

Ohun tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu ọ̀nà Ikú ni pé kí ọkàn bàbá òun rọ̀, kí ìbínú rẹ̀ wálẹ̀, kó sì fi ìdùnnú kí òun káàbọ̀ nígbà tí òun bá padà délé. Kó tó béèrè nǹkan míràn rárá nìyẹn.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí Yama là á yé òun, ohun tó wà lẹ́yìn ikú. Yama ò fẹ́ sọ ọ́. Ó fi erin lọ̀ ọ́, ó fi wúrà, ẹṣin, ẹ̀mí gígùn, àwọn ọmọge arẹwà pẹ̀lú ohun èlò orin wọn. Nachiketa ní kó máa mú ẹṣin àti ijó rẹ̀ lọ, ohun tí kò ní dọ̀la ni. Ìgbà yẹn ni Yama wá ṣí i payá fún un pé ohun tó dára yàtọ̀ sí ohun tó dùn, àwọn méjèèjì ló sì máa ń wá bá èèyàn. Ọlọ́gbọ́n á yẹ̀ wọ́n wò, á mú èyí tó dára. Ẹni tó fẹ́ tà ọ́ ní ìbéèrè ìdánwò, èyí tó dùn ló gbé wá. Yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lórí fóònù rẹ lónìí. Owó ilẹ̀ Ìkòròdú kọ́ ni wàá fi ra irọ́ kejì. Bí o bá yege lọ́nà yẹn, wàá tún máa bẹ̀rù sí i ni, torí wàá mọ̀ nínú ara rẹ pé o ò mọ iṣẹ́ náà.

Ó wá ku bàbá rẹ. Nínú Taittiriya Upanishad, olùkọ́ kan ń dágbére fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sílé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún un ni pé: sọ òtítọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló ní kó máa wo ìyá rẹ̀ bí òrìṣà, kó máa wo bàbá rẹ̀ bí òrìṣà. Mi ò rò pé ó yẹ kí a ya àwọn gbólóhùn yẹn nípa. Èèyàn kì í bọlá fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú irọ́, bó ti wù kí irọ́ náà dùn ún gbọ́ tó.

Bí o bá ń wá ẹni tó ti ṣe é rí, Gandhi tún rèé. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15, ó gé wúrà díẹ̀ lára ẹ̀gbà apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi san gbèsè kan tí ẹ̀gbọ́n náà jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó gbádùn. Kò lè fẹnu sọ ọ́, ló bá kọ ọ́ sínú pépà, ó jẹ́wọ́, ó ní kí bàbá òun jẹ òun níyà, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní jalè mọ́. Ara bàbá náà ò yá, orí pákó ló dùbúlẹ̀ sí. Ó dìde jókòó kó lè ka ìwé náà. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń kán sórí pépà. Ó dijú díẹ̀, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé náà ya, ó tún dùbúlẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún.

Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé bí bàbá tìrẹ ṣe máa gbà á nìyẹn. Wọ́n ta ilẹ̀, inú lè bí wọn burúkú burúkú. Ṣùgbọ́n irọ́ bó sáré lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ó sì sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ju kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Gita tiẹ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó rí lẹ́nu èèyàn, ní orí 17: kó má da ọkàn ẹni rú, kó jẹ́ òtítọ́, kó tuni lára, kó sì ṣeni láǹfààní. Nítorí náà, má pè wọ́n lọ́gànjọ́. Pè wọ́n ní àkókò tí wọ́n ti jẹun, tí wọ́n ti sinmi, kí o sọ báyìí pé: "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Èsì tí mo sọ fún yín ní sáà tó kọjá, irọ́ ni. Iṣẹ́ méjì ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ẹ̀rù yín ló bà mí, ilẹ̀ tí ẹ tà sì wà lọ́kàn mi. Ẹ má bínú." Má dárúkọ olùkọ́ tí kò mọ̀ọ̀yàn kọ́, má dárúkọ ooru Pune. Bí ohùn rẹ kò bá ní jáde, kọ ọ́ ránṣẹ́ bíi ti Gandhi.

Oúnjẹ àti oorun ńkọ́? Orí kẹfà sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń jẹ àjẹjù tàbí tó ń febi pa ara rẹ̀, ẹni tó ń sùn jù tàbí tí kì í sùn, kò lè ṣe yoga, ìyẹn kíkó ọkàn ẹni níjàánu. Arjuna náà ṣàròyé níbẹ̀ pé ọkàn òun ń sá kiri, pé dídì í mú le bí ẹni fẹ́ di afẹ́fẹ́ mú. Krishna gbà pé òótọ́ ni, ó ní àṣetúnṣe àti àìdirọ̀ mọ́ nǹkan ló ń mú un. Àṣetúnṣe, ọmọ mi. Jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, gbé fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, kí o sì jókòó ti iṣẹ́ méjèèjì yẹn lójoojúmọ́ láìronú kan máàkì. Bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kó bá ọ kà á. Ó ti fi hàn pé òun fẹ́ràn rẹ.

Bí bàbá rẹ bá pariwo, jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Má pa fóònù mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, sọ ìgbà tí wàá tún ìdánwò méjèèjì ṣe fún wọn, kí o sì rí i pé o ti forúkọ sílẹ̀ fún un kí o tó pè wọ́n.